Ìgò Omi Tí Mo Bù ní Mélítà

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ẹ sì dá ẹjọ́ mi bó bá ṣe tọ́ lójú yín.

Kì í ṣe ìgbà tí ẹsẹ̀ mi yọ̀ kúrò lórí òkúta ni ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí omi òkun bò mí lórí, tí iyọ̀ kún ẹnu mi, tí mi ò rí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́, mo kàn rò ó pé ó ti tán nìyẹn. Ìgbà tí mo yọ orí jáde, tí mo rí Tọ́pẹ́ ọmọ mi tó bọ́ sálúbàtà sílẹ̀, tó ń sáré bọ̀ lórí àwọn òkúta náà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin nínú, ìgbà yẹn gan-an ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe.

Mo fẹ́ pariwo pé kó má wá. Omi ló wà lẹ́nu mi. Ọmọ náà bẹ́ sínú omi!

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé orí ìjókòó ni mo ti ṣe àṣìṣe yìí, kì í ṣe nínú omi.

Télọ̀ ni mí, aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán ní Ọ̀yọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gun ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ náà, tí kò bá sí àyè láàárín, mo máa ń dúró de òmíràn ni. Ṣé irú mi ló yẹ kí òkun gbé?

Tọ́pẹ́ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó. Ọdún mẹ́fà ló fi wá ọmọ. Nígbà tí oyún yìí dúró, dókítà ní kó sinmi dáadáa. Ó wá ní òun fẹ́ kí n wá, kí àwa méjèèjì lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní erékùṣù kan ní Yúróòpù, kí òtútù ìlú wọn tó bẹ̀rẹ̀. Dàpọ̀ ọkọ rẹ̀ kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́, àmọ́ òun ló sáré físà mi.

Ọjọ́ tó pè lórí fídíò pé kí n wá yan erékùṣù, ilé àna mi ni mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá Ọjà Igbó. Ìyá Dàpọ̀ ni mò ń sọ, ìyá ọkọ Tọ́pẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì ní máàpù aláṣọ àtijọ́ kan, ti ayé àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, tó ń fi gbogbo ìrìn àjò àpọ́sítélì hàn.

Tọ́pẹ́ fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́: Kípírù, Mélítà tí wọ́n ń pè ní Malta lónìí, àti ibì kan tó ń jẹ́ Madeira. Madeira ló wù ú. Ó ní òkè àti òdòdó ló kún ibẹ̀, òun ti rí ilé kékeré kan tó ní ọgbà, òun ò ní rìn lọ síbì kankan, òun á kàn máa sùn, òun á máa jí.

Ẹ rò pé mo gbọ́? Mo ní kí Ìyá Dàpọ̀ tẹ́ máàpù sílẹ̀. A fi ìka wá Madeira títí. Kò sí!

"Kí ni n óò lọ ṣe ní erékùṣù tí àpọ́sítélì ò dé?" ni mo bi ọmọ mi.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ìsinmi là ń lọ o, a ò lọ wàásù!"

Ìyá Dàpọ̀ náà sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ẹni tó lóyún ni kí n jẹ́ kó yàn. Mo gbọ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìka mi ti wà lórí Mélítà, níbi tí ọkọ̀ àpọ́sítélì ti fọ́, tí ejò so mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní ibẹ̀ ni. Tọ́pẹ́ ní kò burú, ohun tó bá ti tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ omi ló wà lọ́kàn mi. Alhaja, aládùúgbò mi ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń ta ike àti abọ́, ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ni wọ́n máa ń fún mi ní omi Zamzam nínú ìgò kékeré. Wọ́n á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Tọ́pẹ́, omi tiyín dà? Ọjọ́ wo lẹ̀yin náà máa fún mi ní nǹkan tó ju ìrẹsì Kérésì lọ?"

Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí. Bí mo ṣe fọ ọ̀kan nínú àwọn ìgò wọn nìyẹn, tí mo fi sínú báàgì mi. Mo fẹ́ bu omi Mélítà, kí èmi náà lè gbé omi fún ènìyàn lójú ayé mi. Ẹ wo ohun tí àgbàlagbà ń bá kiri!

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Mélítà, Tọ́pẹ́ sùn, ó jẹ ẹja, ojú rẹ̀ ń dán. Èmi ni mi ò jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ní àfi kó mú mi lọ sí ibi tí wọ́n sọ pé ọkọ̀ náà ti fọ́ gan-an. Bọ́ọ̀sì méjì la wọ̀. Nígbà tí a máa fi dé etíkun náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidigidi, ìgbì ń fọ́ lára òkúta, wọ́n sì ti ta àsíá pupa sókè. Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Ó ní pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ omi lónìí ni. Ó ní ká jókòó, ká mu nǹkan tútù, ká máa padà.

Ó jókòó sórí àga, ó di ojú. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo wò ó, mo wo àsíá, mo wo omi. Mo sọ fún ara mi pé èmi ò kúkú fẹ́ wẹ̀, bíbù lásán ni. Ìṣẹ́jú kan!

Mo rọra sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ìgò bọ omi, ó kún, mo dé e. Inú mi dùn. Bí mo ṣe ní kí n nàró, ìgbì dé, òkúta yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú omi náà rèé. Tọ́pẹ́ gbá mi mú láti ẹ̀yìn. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìlú òyìnbó. Ó ń pariwo sí mi létí: "Mọ́mì, ẹ ju ìgò yẹn nù! Ẹ fún mi lọ́wọ́!"

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò jù ú nù. Títí dòní, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tó yẹ kí n fi di ọmọ mi mú ni mo fi di ìgò mú. Ìgbì mìíràn sì dé, ó gbé wa, ó fi ẹ̀gbẹ́ Tọ́pẹ́ gbá òkúta. Mo gbọ́ ìró rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tó ń fi àga háyà létíkun ló ju òrùka ńlá tó ń léfòó, tí wọ́n so okùn mọ́, sí wa. Òun àti àwọn méjì kan ló fà wá jáde. Ó fi táwẹ̀lì wé wa. Kò bú mi. Ó kàn na ọwọ́ sí àsíá pupa, ó na ọwọ́ sí ikùn ọmọ mi, ó wá wò mí. Wọ́n ti bú mi rí láyé, kò sí èébú tó wọ̀ mí lára tó ìwò yẹn.

Kí a tó dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Dókítà ní ọkàn ọmọ ṣì ń lù, àmọ́ ibi ọmọ ti ṣí díẹ̀ kúrò lára ilé ọmọ, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan. Kó dùbúlẹ̀. Kó má wọ bàálù. Nígbà tí Dàpọ̀ pè, Tọ́pẹ́ sọ fún un pé òun ló yọ̀ lórí òkúta. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Dàpọ̀ ní kó gbé fóònù fún mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun o. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ta ni ì bá dúró tì í?"

Kí ni mo fi dá a lóhùn? Mo ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Ẹnu èmi yìí ló sọ ọ́!

Nígbà tí fóònù parí, Tọ́pẹ́ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ò fẹ́ kí ará ilé ọkọ òun máa fojú burúkú wò mí. Ó kọjú sí ògiri. Ìgò náà wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ ò dín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Nígbà tí a padà sí ìlú òyìnbó, dókítà tibẹ̀ náà ní kó má ṣiṣẹ́ kankan títí yóò fi bí, pé ewu ò tíì kúrò. Mo tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ físà mi fi pé. Mo wá gbé ìgò náà bọ̀ nílé, mo fi aṣọ wé e bí ẹni tó jí nǹkan.

Alhaja ló kọ́kọ́ wọlé wá kí mi. "Ẹ kú àbọ̀ o, ará Yúróòpù! Omi mi dà?"

Mo ní wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú. Irọ́! Ìgò ń bẹ lábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Wọ́n ní kò burú, ká ṣáà ti fi ayọ̀ gbọ́ ohùn ìyá gbọ́ ohùn ọmọ. Wọ́n sì lọ gbé omi Zamzam tó kù nílé wọn wá, pé kí n fi gbàdúrà fún Tọ́pẹ́. Mo kúnlẹ̀ gbà á.

Láti ìgbà yẹn, tí fóònù bá ti dún, màá rò pé oyún náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo rán ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì ni mo rán pọ̀!

Ohun tó wá fọ́ mi pátápátá ni iṣu. Ìyá Dàpọ̀ fi iṣu mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi láti oko wọn ní Ìkòyí-Ilé, wọ́n ní àwọn fi ń dúpẹ́ pé mo dúró ti ìyàwó àwọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo iṣu náà. Mi ò lè se ọ̀kan ṣoṣo jẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìgò wà lórí itan mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò: àsíá pupa, ariwo tí Tọ́pẹ́ pa sí mi létí, irọ́ tí mo pa fún ọmọ wọn. Ìyá Dàpọ̀ gba ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sókè sí ojú fèrèsé.

"Omi náà nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Ó mọ́ o."

Wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, oyún ṣì wà nínú. Ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, mi ò ní fi sọ ohun tó wà lọ́kàn mi sí yín lónìí. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ fi ìgò sílẹ̀."

Lónìí! Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Kò sí èébú, kò sí ìdáríjì. Mo pe Dàpọ̀ náà, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Mo gbọ́, mà." Kò tún pè mí mọ́. Ó lé ní oṣù méjì tí mo fi bá "lónìí" yẹn sùn, tí mo fi bá a jí.

Tọ́pẹ́ bí obìnrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àkókò. Wọ́n gbé ọmọ sínú àpótí dígí, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ṣọ́ ọ. Mi ò lè jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, fóònù dún, Dàpọ̀ ni. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Ara rẹ̀ pé." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín àwọn àkísà.

Ọjọ́ náà gan-an la sọ ọmọ lórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ wà lójú fóònù. Alhaja bá mi lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, bí ẹni tí wọ́n lè lé nígbàkigbà. Wọ́n fi omi gbàdúrà, wọ́n fi oyin gbàdúrà. Nígbà tó kan iyọ̀, Ìyá Dàpọ̀ dìde, wọ́n gbé àwo pẹlẹbẹ kékeré kan jáde láti yàrá. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò funfun tó ti ọjà.

Wọ́n ní, "Omi kan wà tí wọ́n gbé wá fún wa láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbé e kaná, mo sè é títí ó fi gbẹ. Ohun tó ṣẹ́kù nìyí. Òun ni a ó fi gbàdúrà fún ọmọ wa, Àánúolúwapọ̀."

Wọ́n gbé e yí ilé ká. Alhaja tọ́ ọ wò, wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́! Àbí omi mi tí wọ́n gbà ní pápákọ̀ òfurufú nìyí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n dé gbẹ̀yìn. Ìyá Dàpọ̀ fi ìka mú iyọ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n la ẹnu, bí ẹni ń fún ọmọdé. Wọ́n wá rọra sọ sí mi létí: "Ọmọ ti dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́sí, mo ti gbàgbé rẹ̀."

Ẹkún ni mo sun.

Wọ́n ti dárí jì mí, àmọ́ ìró òkúta yẹn ṣì wà létí mi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò le: tí wọ́n bá ní kí ẹ yan ibi ìsinmi, ẹ bi ẹni tó rẹ̀. Tí ọmọ bá ní kí ẹ fún òun lọ́wọ́, ẹ fún un ní méjèèjì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti dì mú rí, tí ẹ ò fẹ́ jù nù, nígbà tí ẹni yín ń pariwo sí yín létí? Bí ẹ bá lè sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mi ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni èmi?