Ọ̀rọ̀ Tó Dí Ojú Rẹ̀

Iṣẹ́ mi ni láti pinnu ohun tí yóò máa hàn nínú awò ojú tó ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tí etí ìyàwó mi di, mo ṣe ọ̀kan fún un: bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, awò náà á kọ ọ́ síwájú ojú rẹ̀. Àárín gan-an ni mo fi ọ̀rọ̀ sí, ní lẹ́tà funfun gàdàgbà.

Ó ṣàròyé níwájú àwọn télọ̀ tó ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e sísàlẹ̀. Oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, n ò rí eyín rẹ̀."

"Àárín ló rọrùn láti kà."

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ẹ ò tíì wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà rí."

Àwọn télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. N ò gbé e sísàlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oríta Sekona, ìyàwó mi ń sọdá títì. Tírélà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ẹdẹ, ó ń fọn fèrè. Mo pariwo, "Dúró! Tírélà!" Ó dúró láàrín títì, ó yíjú sí tírélà náà gan-an, àmọ́ igbe mi tí awò náà kọ ló wà níbẹ̀. Ó ń kà á lọ́wọ́ nígbà tí tírélà gbá a. Ó wọ́ ọ dé ìdí àtẹ àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Àwọn ọlọ́kadà fa awakọ̀ náà sílẹ̀.

"Apààyàn! Ṣé o fọ́jú ni?"

Irin, òkúta, bàtà.

"Mo fọn fèrè!" Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Mo fọn fèrè!"

Ẹnìkan na igi sí mi. "Bàbá, ẹ gba tiyín."

Mo gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi lu awakọ̀ náà, lójú. Ohun kan fọ́ nínú ojú náà. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó dúró." Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń bá mi jà. Àfìgbà tí mo dùbúlẹ̀ lé e lórí kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé ọ̀rọ̀ inú awò náà sísàlẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Mo lọ wo awakọ̀ náà ní ọsibítù. Wọ́n ti di ojú rẹ̀ kan, wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ọlọ́pàá kan sì jókòó tì í.

"Ọ̀gá, mo fọn fèrè."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ sọ fún un." Ó fi orí júwe ọlọ́pàá náà.

Mo fa àga kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá náà, láti orí ọ̀rọ̀ tí mo fi sáàárín awò náà títí dórí igi tí mo fi lu awakọ̀ náà.