Ọjà Imusin Kò Gbọ́ ti Kàlẹ́ńdà

Láyé ìgbà yẹn, kò sí awakọ̀ kan ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde tó lè sọ pé òun mọ ọ̀nà Imusin jù mí lọ. Ìwé méjì péré ni mo kà kí n tó sá kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti fọn fèrè lẹ́nu ìlú, àwọn obìnrin tó ń ta gàrí á ti máa di ẹnu àpò.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ra lọ́rì náà. Ètò wa kò le rárá: ọjọ́ ọjà Imusin, tó ń padà wá lọ́rọọrún, èmi ni mo ni ọkọ̀, ọjọ́ yòókù, òun ló ń fi kó pákó. A kì í bi ara wa léèrè.

Àfi ọjọ́ tó gbé kàlẹ́ńdà dé, tó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi parí ìwé mẹ́fà, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé.

"Ayé ti là, ọ̀gá awakọ̀. Ìgbà wo lọjà tó kọjá?"

"Sátidé."

"Èyí tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ọjọ́rú."

Ló bá fi bírò pupa yí gbogbo Sátidé àti Ọjọ́rú ká títí dé ìparí ọdún. "Pupa ni tìẹ. Èyí tí kò bá ní pupa, tèmi ni."

Ó dára lójú mi. Ọjọ́rú yẹn, ọjà kún bámúbámú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dé Imusin, ewúrẹ́ ló sùn sórí pẹpẹ. Mo rò pé ìlú ń ṣọ̀fọ̀ ni. Nígbà tó di Ọjọ́rú, àwọn ewúrẹ́ náà tún ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ní kàlẹ́ńdà yẹn ti bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ará Imusin ló sún ọjà wọn. Ibi tá a ti ń jiyàn ni ìyá kan ti wọlé. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tirẹ̀ ni. N kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fara kàn án.

"Ọkọ mi, ṣé ara rẹ yá? A dúró dè ọ́ ní Sọ́ńdè. Lánàá náà, a ò rí ọ."

Mo dìde sí kàlẹ́ńdà, mo fi ìka ka ọjà láti orí ọ̀kan dé èkejì. Sátidé, Ọjọ́rú, Sọ́ńdè, Ọjọ́bọ̀. Ọjà ń rìn lọ, pupa wa dúró sójú kan.

"O ò sọ fún mi pé ọjà wọn kì í wo ọ̀sẹ̀," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Ṣé o bi mí?"

A fagi lé gbogbo pupa, èmi fúnra mi sì yí ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ká. Ní Mọ́ńdè, ìrì ò tíì gbẹ tí mo ti fọn fèrè ní Imusin. Lọ́rì mìíràn ti wà níbẹ̀, wọ́n ń ju àpò gàrí sínú rẹ̀. Ìyá yẹn jókòó níwájú rẹ̀.

"Mo bá ọ bẹ àwọn yòókù o, ọkọ mi. Wọ́n ní ẹni tó wá lọ́jọ́ tí a ń wá ọkọ̀ ni àwọn máa bá lọ. Èmi nìkan kọ́ ni mo ni ẹrù."

Mo ní kò burú. Ṣé kí n máa bẹ obìnrin lójú ọjà ni? Mo wa lọ́rì lófo padà sílé.

Kàlẹ́ńdà náà ò tún ṣì wá lọ́nà mọ́ títí ọdún fi parí. Pákó la fi ọkọ̀ náà kó lọ́jọ́ gbogbo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìgbà náà, n kì í sáà bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀.