Ìyálé Mi Inú Kọ̀ǹpútà

Bí a bá tẹ kọ̀ǹpútà ilé wa, á kọ́kọ́ kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, á dákẹ́, á tún kùn, kí ojú rẹ̀ tó là. Bó bá sì ti là, obìnrin kan tó gbé ọmọ jòjòló lé ẹsẹ̀ ni á máa rẹ́rìn-ín sí mi. Obìnrin yìí ni ọkọ mi kọ́kọ́ fẹ́. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti jáde láyé kí n tó wọ ilé wa ní Jójú, síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ tí iná bá wà, òun ló ń kí mi káàbọ̀ sí pálọ̀ ara mi.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sángo. Ọkọ mi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ mìíràn tí kò jìnnà sí tiwa. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ń pè mí ní Àǹtí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi. Kò bú mi rí, kò sì fi mí wé ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń fi ara mi wé. Orogún tó wà láàyè, èèyàn lè bá a fa ọ̀rọ̀, ọjọ́ kan á sì dé tí òun náà á se ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkú kì í pọ̀ jù láé. Àwọn ará àdúgbò kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn nípa rẹ̀ ju pé ó kó èèyàn mọ́ra, pé ohùn rẹ̀ dùn, pé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kọ́ kì í fẹ́ lọ sílé bí ilé ìwé bá jáde. Èmi tí mo ti ń sọ láti kékeré pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni pín ọkọ, mo wá di ẹni tó ń jowú àwòrán.

Ní ọ̀sán Àìkú, ọkọ mi àti ọmọ rẹ̀ á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, wọn á máa wo àwòrán olóògbé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó máa ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ohùn ń gbà jáde lára ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ní ọdún tó kú, ọkọ mi kò sì jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Mo rò pé ẹ̀rù ohùn yẹn ló ń bà á. Èmi á wà ní kíṣìnnì ní tèmi, màá máa fọ ìkòkò tó ti mọ́.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ilo-Awela yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti gbó, kí a má wulẹ̀ ná owó lé e lórí mọ́, pé bí a kò bá fẹ́ ẹ mọ́, òun á gbà á tú. Ọkọ mi ra láptọ́ọ̀pù tuntun. Inú ọmọ náà dùn ju tiwa lọ. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá èyí á máa sọ̀rọ̀ síta, bàbá rẹ̀ sì ní á máa sọ̀rọ̀. Mo gbọ́, n kò kà á sí.

Ọkọ mi sọ fún mi pé, “Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí nínú wa. Bá wa kó gbogbo ohun tó wà nínú èyí sínú tuntun, má jẹ̀ẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù.”

Ní Sátidé kan tí òun wà níbi iṣẹ́, tí ọmọ sì wà ní ilé kéú, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Mo ń fi fíláàṣì kó nǹkan díẹ̀díẹ̀: ìwé ẹ̀rí ọkọ mi, ìwé ilẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ. Ó wá ku àpò fáìlì kan nínú ẹ̀rọ náà. Oríkì olóògbé náà ni ọkọ mi kọ sí i lórí. Èmi náà ní oríkì. Kò sí ẹni tó ń fi pè mí nílé ọkọ. Mo ṣí àpò náà, mo kó àwòrán inú rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọn á wá àwòrán. Ó wá ku ohùn.

Ó yẹ kí n kó o kí n sì dìde. Owú kò jẹ́. Mo ki okùn tí mo fi ń gbọ́ orin lórí fóònù mi bọ ẹ̀rọ náà, mo fi orí kejì bọ etí, mo sì jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrì. Nínú ọ̀kan, ó ń bá òjò tó pa aṣọ rẹ̀ jà. Nínú òmíràn, ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka oṣù, ọmọ náà sì ń fo oṣù kan ní gbogbo ìgbà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọkọ mi ló ń hanrun lójú oorun ọ̀sán, tí obìnrin náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọkọ mi jí, ó bi í pé kí ló ń ṣe, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn. Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti lò pẹ̀lú ọkùnrin yìí, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

N kò pa ohùn náà rẹ́. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn: mo kàn fi í sílẹ̀ síbi tó wà ni. Mo wá pe ọkùnrin Ilo-Awela pé kó wá gbé ẹrù rẹ̀, ó sì ti gbé e lọ kí ọkọ mi tó dé. Ọkọ mi bi mí bóyá ó pé. Mo ní ó pé. Àwọn àgbà ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. N kò rántí òwe náà lọ́jọ́ yẹn, nítorí èmi ni mo mú pàṣán lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi wá bá mi ní kíṣìnnì.

“Àǹtí, ohùn màámi kò sí níbẹ̀.”

Mo ní bóyá ó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ àtijọ́.

Ó mi orí. “Mo ti ń gbàgbé bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ mi ni.”

Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn kó àwòrán, ó sì gba kànrìnkàn lọ́wọ́ mi láti bá mi fọ abọ́. Bó bá jẹ́ pé ó sunkún ni, bóyá ì bá rọrùn fún mi díẹ̀.

Ní Ajé, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ilo-Awela. Ọkùnrin náà ní òun ti yọ ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, òun sì ti fi í sínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní Ọ̀tà. A jọ lọ bá a. Ó ti nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kó lè rí àyè kó tirẹ̀ sí. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bi mí pé ohùn ta ni, ẹnu mi ló sọ pé ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa fún ọjọ́ méjì, ọkùnrin Ilo-Awela sì gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ rẹ̀ wá ohun tó ti nù jáde. Nínú nǹkan bí ogún ohùn tí mo gbọ́ ní Sátidé, ẹyọ kan ló padà wá. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá náà ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá wọ ìbọ̀sẹ̀, pé ilé ìwé ti pẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàrìbá lọ́jọ́ tí mo gbà á padà, mo pe ọkọ mi àti ọmọ, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì tẹ ẹyọ kan náà fún wọn gbọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un tẹ̀, ó tún gbọ́ ọ, ó sì wọ yàrá lọ. Ọkọ mi kò pariwo. Ó ní,

“Òkú ni. Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?”

Mo ní, “Ẹ̀rín yín ni.”

Ó wò mí, ó dìde, ó jáde síta. A kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ìgbà náà. Ní ti ọmọ, ó lé ní oṣù kan tí kò fi pè mí ní Àǹtí. Kò pè mí ní nǹkan kan.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹyọ ohùn kan yẹn wà lórí fóònù rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó wálé, ó jókòó tì mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ni wọ́n sọ nínú àwọn yòókù?”

N kò ronú bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ àwọn ohùn yẹn lẹ́yìn ikú olóògbé, àfi èmi, owú ló sì jẹ́ kí n gbọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan kò bọ́ sílẹ̀. Mo sọ ti òjò fún un. Mo sọ ti oṣù tó máa ń fò. Bó bá ti wálé, á tún ní kí n sọ ọ́, á bi mí bóyá wọ́n fa ọ̀rọ̀ gùn tàbí wọ́n gé e kúrú, màá sì yí ohùn mi padà títí á fi jọ ti ìyá rẹ̀ létí mi. Ìgbà mìíràn, bí mo ṣe ń sọ ọ́, tí ọmọ náà sì dijú, owú àtijọ́ yẹn á tún ta mí lọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ohùn mi ló ń gbọ́, ti ìyá rẹ̀ ni. Màá máa sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ náà.