Igi Obì Kì í Ṣe Òbí Ẹni

Láti Ọ̀fàtẹ̀dó ni Nọ́síràtù ti ń gun ọ̀kadà wá sí ilé ìkàwé kan nítòsí Ọjà Ọba, l'Óṣogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí ìwé tuntun, kó ka inú rẹ̀ díẹ̀, kó tó pinnu pẹpẹ tó yẹ ẹ́. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ.

Nígbà tí ọ̀gá wọn, Dúrósinmí, gbé kọ̀ǹpútà kan dé, tó ní éè-áì, ọpọlọ ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, á máa to ìwé, Nọ́síràtù kàn ń wò ó ni.

"Ọ̀gá, ṣé ó máa ń ka ìwé ọ̀hún ni?"

"Kò dìgbà tó bá kà á, mà. Tí a bá ti tẹ orúkọ ìwé sí i, ó parí."

"Orúkọ nìkan? Ha! Ọkàn mi ò tíì gbà á o."

Dúrósinmí rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn dán an wò ná.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Fọláránmi, àgbẹ̀ kan láti abúlé lẹ́bàá Iléṣà, wá béèrè ìwé lórí ìtọ́jú obì, nítorí kòkòrò ń da oko rẹ̀ láàmú. Kọ̀ǹpútà júwe pẹpẹ fún un. Nígbà tí Nọ́síràtù kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú bàbá náà ti le koko.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i o. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n máa fomi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kí n sì máa bá a tàkúrọ̀sọ nírọ̀lẹ́. Ta ní ń bá igi tàkúrọ̀sọ?"

Nọ́síràtù gba ìwé náà wò. *Ìtọ́jú Òbí* ni, ti bàbá àti ìyá tó ti darúgbó! Wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ láìfàmì sí i, ẹ̀rọ sì da òbí pọ̀ mọ́ obì. Dúrósinmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde wá ìwé obì kàn láàárín àwọn ìwé ìdílé tí ẹ̀rọ tò ó sí, tó sì tọrọ àforíjì.

"Ẹ fún mi ní méjèèjì," ni Fọláránmi wí. "Ìyá mi ń bẹ nílé. Ó ti pẹ́ tí mo ti bá a jókòó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn."

Nígbà tó lọ, Dúrósinmí fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nọ́síràtù.

"Mà, ẹ jẹ́ ká jọ wo àwọn tó kù."

"Ẹ̀rọ yín yára, mi ò jiyàn," ni Nọ́síràtù wí, ó sì ṣí ìwé àkọ́kọ́. "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, èmi á máa kà á."