Rifọ́fà Kan fún Iṣẹ́ Mẹ́ta ní Hamburg

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ara mi lónìí, kí ẹlòmíì tó bá mi fi àbùmọ́ sí i. Ó ti pẹ́ o. Ògiri Berlin ti wó nígbà yẹn, àmọ́ kò tíì sí ẹnìkan láàárín wa tó ní fóònù lápò. Èmi Mùfútàú, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Hamburg, ni wọ́n rán lọ ra ìbọn.

Ẹ má tíì pariwo. Kì í ṣe ìbọn tó ń pààyàn. Rifọ́fà ni, ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà tó máa ń yí bí èèyàn bá ti ń yìn ín, àmọ́ ariwo lásán ló wà nínú ẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ti dàgbà lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó rà á. Á dún gbàù, ọta kankan ò ní jáde.

Kí la fẹ́ fi ìbọn ṣe ní Hamburg? Ohun tí Ṣìkírátù ìyàwó mi bi mí nìyẹn. Àwọn ará Berlin ló fà á! Lọ́dọọdún, tí ooru bá ti mú, àwa àtàwọn Yorùbá Berlin máa ń kó àwọn ọmọ wa jọ sá eré ìje. Lọ́dún tí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa ní Wilhelmsburg, àtẹ́wọ́ ni alága wa pa kí àwọn ọmọ tó sá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e tí a lọ sọ́dọ̀ wọn, ìbọn ni wọ́n yìn. Àwọn ọmọ tiwa dúró gbagidi, wọ́n ń wojú ìyá wọn, àwọn ọmọ Berlin sì ti dé ìdajì ọ̀nà. Ọkùnrin kan níbẹ̀ wá bi mí pé ṣé àtẹ́wọ́ náà la fi ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró ní Hamburg. Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Nígbà tí a padà dé, Bọ̀dá Gàníyù alága wa ní ìbọn la máa yìn lọ́dún yìí, ó parí. Ṣé ẹ mọ àwa Yorùbá? Bí ìbọn ṣe wọ ìpàdé báyìí, gbogbo èèyàn ló rí iṣẹ́ fún un. Dọ̀tun, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní Harburg, ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe eré ìtàgé, olè inú eré náà ò sì ní ìbọn. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Sàlámì wúkọ́. Bàbá ló dàgbà jù láàárín wa, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́òkúta ló ti wá, ó sì gba ọgbà kékeré kan ní Rothenburgsort tó ń gbin àgbàdo sí. Ó ní bí òun bá rí ìbọn yìn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo kannakánná tó ń hú àgbàdo òun jẹ á kó lọ sí Denmark. A rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Gàníyù wá dájọ́: ìbọn kan ṣoṣo ni, kó ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi akọ̀wé ni kí n lọ wá èyí tó máa bá gbogbo ẹ̀ mu.

Ṣìkírátù ń fọ abọ́ nígbà tí mo sọ fún un. Ó gbé ìdérí ìkòkò méjì lu ara wọn níbẹ̀, gban-an! Ó ní ṣé èyí ò tó? Mo fi í ṣẹ̀sín. Ìdérí ìkòkò kẹ̀? Lójú àwọn ará Berlin? Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá rán mi létí pé ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí n lọ sí Termin, ọjọ́ àdéhùn mi, ní Ausländerbehörde, níbi tí wọ́n á ti tún òǹtẹ̀ lù sí ìwé ìgbélùú mi. Orí ìwé tèmi yẹn ni tiẹ̀ àti tọmọ wa dúró lé. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí orúkọ mi sún mọ́ ìbọn lọ́sẹ̀ méjì yìí. Mo ní ariwo lásán mà ni! Ẹ fi Termin yẹn sọ́kàn o.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù. Bàbá òyìnbó tó ń tajà níbẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un lórí ìka. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó kó mẹ́ta síta.

Èyí àkọ́kọ́ ẹnu ẹ̀ gùn. Ariwo ẹ̀ á dé ìparí pápá, eré ìje fẹ́ ẹ gan-an. Àmọ́ àpò dàńṣíkí ni olè Dọ̀tun máa fi tirẹ̀ pamọ́ sí, èyí á yọrí síta kí olè tó jalè. Ìkejì kéré, ó wọ àpò dáadáa, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń fọ́ bisikíìtì lọ. Àwọn kannakánná á kàn kí Bàbá kú iṣẹ́ ni. Ìkẹta ló gba ọkàn mi. Ẹnu ẹ̀ kúrú, ikùn ẹ̀ tóbi, ó dúdú, ó ń dán. Mo gbé e dání níwájú dígí wọn, mo fajú ro, ẹ̀rù ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ bàbá ọlọ́jà yẹn. Ó sọ fún mi pé kò sí èyí tó máa ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, pé àwọ̀n ni kí a ta lé àgbàdo. Ó ní bó ti wù kó rí, kí a má yìn ín níbi táwọn èèyàn bá wà. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo dá a lóhùn pé oko la máa ti yìn ín. Mo sanwó ìkẹta, ó kọ Quittung, ìwé ẹ̀rí pé mo ti sanwó, fún mi, orúkọ mi gàdàgbà ló wà lórí ẹ̀.

Ta ló máa kọ́kọ́ yìn ín? Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ṣé Bàbá Sàlámì á wà níbẹ̀ kí ọmọdé kan máa yìnbọn ṣáájú ẹ̀? Kò ṣeé ṣe. Bàbá ní kí á wá dán an wò lóko òun lọ́jọ́ Sátidé. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí n lọ sí Termin.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé oko yìí. Bàbá ló ń pè é ní oko, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn pẹ̀lú báàgì rẹ̀, á ní òun ń lọ oko. Lọ́kàn mi, oko ni ibi tí èèyàn ti lè pariwo kó jẹ́ igbó nìkan ló máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ọgbà ni gbogbo ibẹ̀, ó tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ògiri igi tó là wọ́n láàárín ò ju orúnkún lọ. Ará ọ̀tún ń mu kọfí, ará òsì ń sá aṣọ. Mo ti lọ síbẹ̀ àìmọye ìgbà, mo ti jẹ àgbàdo níbẹ̀, síbẹ̀ oko ni orí mi ń sọ fún mi.

Bí èmi, Bọ̀dá Gàníyù àti Bàbá ṣe débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kannakánná mẹ́ta ti wà lórí ebè. Bàbá tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní Bísímílà, ó kọjú ìbọn sókè. Gbàù! Àwọn ẹyẹ náà ò dúró dágbére. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Gàníyù ń jó, èmi ń pariwo pé Berlin ti wọ gàù. Bàbá tún un yìn, ó tún un yìn.

Ìgbà yẹn ni mo wo ọgbà kejì.

Frau Petersen ló ni ọgbà yẹn. Ìyá àgbà òyìnbó ni, ó ju Bàbá lọ dáadáa, òun ló ń fún Bàbá ní irúgbìn, tí Bàbá ń fún un ní àgbàdo. Ìyá yìí ti dojú bolẹ̀ gbalaja láàárín kábéèjì rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bo orí. Yéè! Mo rò pé ó ti kú ni. Mo fo ògiri igi yẹn kọjá, mo kúnlẹ̀ tì í. Ojú rẹ̀ dì pa, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá ju ìbọn sórí tábìlì, ó ń sáré bọ̀, ó ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́ pé Màmá, ẹ dákun, ẹyẹ mà ni o.

Kí ìyá náà tó dìde jókòó dáadáa, àwọn ọlọ́pàá méjì ti wọlé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹnìkan lápá ibòmíì ló pè wọ́n. Ẹ fojú inú wò ó: ìyá arúgbó nílẹ̀, ọkùnrin dúdú mẹ́ta yí i ká, ìbọn lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀pà. Ká ní ẹ̀yin ni ọlọ́pàá ńkọ́?

Èyí tó jẹ́ ọkùnrin béèrè ẹni tó ni ìbọn. Bàbá ti la ẹnu, ó fẹ́ ní òun ni, àmọ́ Quittung tó ní orúkọ mi wà nínú páálí ìbọn. Mo ní èmi ni. Ó gba páàsípọ́ọ̀tù mi, ó ṣí i dé ibi tí ọjọ́ ìwé mi ti fẹ́ pé, ó wojú mi. Ìwé ìyàwó mi àti tọmọ mi wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gbé e fún un.

Ọlọ́pàá obìnrin bi Frau Petersen bóyá ẹnìkan na ìbọn sí i, bóyá ó fẹ́ fẹjọ́ sùn. Ìyá náà ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó wá yíjú sí Bàbá, ó bi í pé kí ló ń yìnbọn sí. Jámánì Bàbá ò tó nǹkan. Ó nawọ́ sí àgbàdo, ó nawọ́ sókè, ó wá na apá méjèèjì, ó ń jù wọ́n fìrìfìrì bí ìyẹ́ ẹyẹ kiri ọgbà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Frau Petersen wá sọ̀rọ̀. Ó ní ibí yìí lòun ti ṣe ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà ogun, pé bọ́ǹbù já bọ́ láti òkè títí tí ilé kan ò fi dúró ní àdúgbò òun. Ó ní òun mọ̀ pé aládùúgbò òun nìkan ló wà lápá ibí.

Ó ní, “Ara mi ló ti dùbúlẹ̀ kí orí mi tó rántí pé ogun ti parí. Wọn ò mọ̀ ni. Mi ò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn.”

Àwọn ọlọ́pàá gba ìbọn náà lọ, wọ́n kìlọ̀ fún wa kíkankíkan, wọ́n dá páàsípọ́ọ̀tù mi padà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ìyá yẹn. Nílé wa, bí ìbọn bá dún, ọdẹ ni tàbí ọjọ́ ayẹyẹ, ọmọdé á sáré lọ wòran. Mo ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù, mo wọn ìbọn yẹn mọ́ pápá, mo wọn ọ́n mọ́ àpò dàńṣíkí, mo wọn ọ́n mọ́ kannakánná. Mi ò wọn ọ́n mọ́ etí aládùúgbò.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní kí n sin òun padà síbẹ̀. Bàbá tí gbogbo wa ń dọ̀bálẹ̀ fún rọra wọ ọgbà ìyá náà, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láàárín kábéèjì, ibi tí ìyá náà dùbúlẹ̀ sí gan-an. Ẹ̀rù ba Frau Petersen. Òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń bi mí pé kí ló tún dún? Mo yára ṣàlàyé pé kò sí ohun tó dún, pé bí àwa ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn. Ó wo Bàbá nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó wá fa Bàbá dìde.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìkan ni wọ́n bi mí. Nígbà yẹn ni mo tó jókòó láti jẹ́wọ́ fún Ṣìkírátù. Kò pariwo. Bàbá ti wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ó ti bá mi bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè! Ó kàn gbé ìdérí ìkòkò méjì kalẹ̀ níwájú mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ eré ìje pé. Àwọn ará Berlin dé sí Wilhelmsburg, ọkùnrin ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn sì ń bi mí pé ìbọn dà. Mo nawọ́ sí ìlà. Frau Petersen ló dúró níbẹ̀, Bàbá ló pè é wá, ìdérí ìkòkò Ṣìkírátù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi Jámánì sọ fún àwọn ọmọ pé ariwo máa wà o, kí ẹni tó bá fẹ́ di etí di í. Lẹ́yìn náà ló lù ú, gban-an! Bí àwọn ọmọ tiwa ṣe fò nìyẹn. Àwọn ìdérí kan náà ló dún lálẹ́ ọjọ́ náà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé nígbà tí olè Dọ̀tun na ìbọn onígi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè, ẹ bá mi ṣọ́ra. Kí ẹ tó gbé ohun tí ń dùn mọ́ni nílé jáde, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ bi í léèrè ohun tó ti gbọ́ rí. Ẹ sì máa fetí sí ìyàwó yín, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé èmi nìkan ni òmùgọ̀.

Ìdérí kan padà sílé wa lọ́jọ́ yẹn. Frau Petersen gbé ìkejì lọ sí ọgbà rẹ̀, ó ní nígbàkigbà tí òun bá rí kannakánná lórí àgbàdo Bàbá, òun á bá a lé wọn. Abọ́ ni Ṣìkírátù fi ń bo ìkòkò tó ni ìdérí yẹn títí dòní.