Ta Ló Ní Kí Wọ́n Bá Mi Gé Aṣọ Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Tógò?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú bọ́ọ̀sì, torí inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ ní láti mọ bí aṣọ òfì ṣe gbà mí lọ́kàn.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe ní Ṣakí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí lọ sí agboolé kan ní Ìsẹ́yìn pé fíríìjì àwọn kò tutù mọ́. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, mò ń tú nọ́ọ̀tì, ni mo bá gbọ́ ìró kan níta. Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá kan jókòó sídìí òfì, ó ń ju ọ̀kọ̀ tí òwú wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù! Ẹnu ń jà, ọwọ́ ń hun, ọnà kan tó dà bí ẹyẹ sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára aṣọ náà. Mo fi fíríìjì sílẹ̀. Mo jókòó ti bàbá yìí títí ìyàwó rẹ̀ fi wá bi mí pé ṣé òfì ni wọ́n pè mí wá tún ṣe ni.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti wọ̀ mí lára. Mi ò mọ aṣọ hun o, ẹ má ṣì mí gbọ́! Ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ òfì hàn mí, màá sọ fún yín bóyá fọ́nrán kan ni wọ́n fi hun ún tàbí méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀. Màá fi ọwọ́ kan ibi tí ahunṣọ ti ṣàṣìṣe tó sì fi ọgbọ́n bò ó. Ìyàwó mi ní mo mọ aṣọ ju bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn àna mi lọ. Kò parọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bá àwọn ará Ìsẹ́yìn kan wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n ń lọ wo Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Bọ̀dá Gàní ló ṣètò ìrìn àjò náà. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn tẹ́lẹ̀, àmọ́ kí á tó dé Lomé, a ti ń jẹ nínú àwo kan náà.

Èmi àti Ìyá Rọ́fíà la jọ jókòó. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa rán aṣọ òfì pọ̀. Ẹ mọ̀ pé aṣọ òfì kì í fẹ̀ láti orí òfì; gbọọrọ ni wọ́n ń hun ún, tẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e lọ́gbọọgba, tí wọ́n á rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó di ìró tàbí agbádá. Ìyá Rọ́fíà lè fi ojú lásán wọn aṣọ kó má yẹ̀ rárá. Ó sì fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ̀yin ará Ṣakí tí ẹ ò mọ òfì yàtọ̀ sí àkàbà, níbo lẹ ti kọ́ gbogbo èyí?"

Èmi náà á ní ojú ló kọ́ mi, pé ẹni tó bá ní ojú ní Ìsẹ́yìn, aṣọ nìkan ló ń fi í rán. A ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rí i bí a ṣe mọ́wọ́ ara wa tó?

Ó ku ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tógò, nínú abúlé kan lẹ́yìn Palimé. Ẹsẹ̀ Ìyá Rọ́fíà wú lọ́jọ́ náà, ó dúró sí ilé ìtura tí a dé sí. Àwa yòókù lọ wo àwọn ahunṣọ. Nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan rí bí mo ṣe ń fọwọ́ pa etí aṣọ wò, ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin kan tó ti gbé ní Kútọnu tó sì gbọ́ Yorùbá, pè mí wọlé. Ojú bàbá yìí ti di bàìbàì, kò lè hun mọ́. Ó wọ́ aṣọ gbọọrọ kan jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú u kalẹ̀ láti inú yàrá dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Gbogbo ọnà tí bàbá náà mọ̀ ló hun tò sára aṣọ kan ṣoṣo yẹn, láti orí èyí tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́kọ́ kọ́ títí dé èyí tó le jù. Ẹja wà níbẹ̀, àkàsọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, kọ́kọ́rọ́, àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, kò sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ọ̀kan parí sí gan-an ni fọ́nrán èkejì ti bẹ̀rẹ̀, tí o fi lè rí i bí ọwọ́ ṣe kúrò nínú èyí bọ́ sínú ìyẹn.

Bàbá náà ní àwọn ọmọ òun kò fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ó ní kí n gbé aṣọ náà lọ fún àwọn ahunṣọ ìlú tiwa kí wọ́n kọ́ ọ. Ó ní kí n má yà á ní fọ́tò, torí àwọn kan ti ya iṣẹ́ òun rí, tí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ańkárá. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀: kí n má gé e.

Mo ṣèlérí. Ẹ̀yin náà ẹ ò ní ṣèlérí?

Ọjọ́ ìkẹyìn wá dé. A kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ láàárọ̀, a gba ọ̀nà Òkèrètè kí á lè já sí Ṣakí, níbi tí èmi ti máa sọ̀kalẹ̀, kí àwọn tó kù sì máa lọ sí Ìsẹ́yìn. Nígbà tí a dé bọ́dà, àwọn òṣìṣẹ́ ní kí àwọn ọkùnrin sọ̀kalẹ̀ wá tò pẹ̀lú ìwé ìrìnnà wọn, pé ẹsẹ̀ ni a ó fi kọjá, kí bọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin lọ dúró dè wá lápá Nàìjíríà. Mo sọ fún Ìyá Rọ́fíà pé kó bá mi mójú tó àpò mi. Ó ní kí n máa lọ, pé bí eṣinṣin bá bà lé e, òun ni yóò dáhùn.

Ìlà náà gùn, oòrùn ń jó wa lórí. Nígbà tí a kọjá tán, mo rí bọ́ọ̀sì wa lábẹ́ igi òrí kan, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti òkèèrè. Mo gòkè.

Aṣọ mi wà lórí itan wọn. Ní ègé, ní ègé!

Ìyá Rọ́fíà wà láàárín, àlùmọ́gàjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń lọ ó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ kú oríire o! Ẹ fẹ́ gbé aṣọ tí a ò tíì rán wọlé fún ìyàwó bí ẹni tí kò ní aláàánú? Kí ẹ tó dé Ṣakí, ìborùn ti dé. Ìyá Tọ́pẹ́ á yọ̀ lónìí!"

Mo gbé ègé kan. Wọ́n ti gé ẹja náà ní ìdajì, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìrù rẹ̀ wà lórí itan obìnrin mìíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọnà wọ̀nyẹn, ni mo rí i pé wọn ò pé.

Mo béèrè ibi tí èyí tó kù wà. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn? Wọ́n ní nígbà tí àwọn gé e lọ́gbọọgba, ìdí rẹ̀ ṣẹ́ kù, kò tó nǹkan kan. Obìnrin Fúlàní kan tó ń ta wàrà lápá Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá bọ́ọ̀sì dúró, sì ti fún àwọn ní èènì tó pọ̀, ni Ìyá Rọ́fíà bá fi so orí fún un. Ó sì yẹ obìnrin náà gan-an ni!

Mo ké. Mi ò purọ́ fún yín, mo ké débi pé àwọn ọlọ́kadà tó wà nítòsí yíjú sí wa. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà yí bọ́ọ̀sì padà. Ó ní òun kò lè padà láé, pé wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ìwé gbogbo wa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ padà. Bọ̀dá Gàní di apá mi mú, ó ní tí àwọn òṣìṣẹ́ bá tì mí mọ́lé, kí ni òun fẹ́ sọ fún ìyàwó mi?

Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàbá Tógò fún gbogbo wọn. Ẹ ò ní gbà gbọ́! Èmi tí wọ́n gé aṣọ mi, èmi ni mo di aláìmoore! Ọ̀kan ní wọ́n fi inú rere ṣe é. Èkejì ní aṣọ ni, kì í ṣe èèyàn. Ẹni kẹta ní ṣebí a lè tún un rán ní gbọọrọ padà. Rán kí ni? Fọ́nrán tí wọ́n ti gé, ṣé abẹ́rẹ́ ló máa sọ fún ahunṣọ bí ọwọ́ ṣe kúrò nínú ẹja bọ́ sínú àkàsọ̀?

Ìyá Rọ́fíà kò bẹ̀ mí. Òun náà gbaná jẹ.

"Ṣé ẹ sọ fún mi ni? Ṣé a ò jọ jókòó lórí àga kan láti Tógò? Wọ́n bí mi sí Ìsẹ́yìn, wọ́n gbé mi níyàwó ní Ìsẹ́yìn, mi ò rí aṣọ gbọọrọ tí wọn kì í gé rí! Tí ẹ bá ká a kalẹ̀ báyẹn, kí ló tún ń dúró dè?"

Mo ní àpò mi ni mo ní kí ó mójú tó, mi ò ní kó tú u wò.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ká ní ará ibòmíràn ni, ì bá kàn ká aṣọ náà padà sínú àpò. Ọwọ́ Ìsẹ́yìn nìkan ló lè rí i kó sì gé e tó dọ́gba báyẹn.

A dé Ṣakí. Ìyàwó mi ti wà ní gáréèjì. Mo ní mi ò sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá Tọ́pẹ́, kí ló dé?" ló ń pariwo lábẹ́ fèrèsé.

Mo ní mò ń lọ sí Ìsẹ́yìn, pé ahunṣọ gbọ́dọ̀ rí aṣọ yìí lónìí kí ọnà rẹ̀ tó parẹ́ lórí mi.

"Ṣé Ìsẹ́yìn lẹ ti gbé mi níyàwó ni? Ọbẹ̀ ti wà lórí iná!"

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àyàfi èmi àti Ìyá Rọ́fíà.

A kọjá Òkàkà kí n tó gbọ́ ìró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá Rọ́fíà ti ń tú ohun tó rán, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Kò wo ojú mi. Ó kàn béèrè pé, "Èwo ló ṣáájú nínú wọn?"

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn. A tò wọ́n sórí ẹ̀yìn àga tó wà níwájú wa. Ibi tí mo bá ti ṣiyèméjì, á wo etí aṣọ, á fi ojú bá fọ́nrán lọ, á ní, "Rárá, èyí kọ́ ló tẹ̀ lé e." Nígbà tí a dé Ìsẹ́yìn, ilé rẹ̀ ló mú mi lọ tààrà. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti gé aṣọ náà, ó pòṣé, ó béèrè ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ báyìí.

"Èmi ni," ni Ìyá Rọ́fíà wí.

Bàbá Rọ́fíà dìde. Ó lọ gbé òwú.

Mo ti padà lọ sí Òkèrètè láti wá obìnrin oníwàrà yẹn. Wọ́n ní àwọn ẹbí rẹ̀ ti kó màlúù lọ sí ibòmíràn. Mo fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Àwọn míì ṣì ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Báwo ni màá ṣe gbàgbé? Kí ni màá sọ fún bàbá yẹn?

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹni tó fẹ́ ṣe yín lóore, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín! Oore tí a kò béèrè kí a tó ṣe, ẹni tó ṣe é ló ń gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún yín rí, tí ẹ ò mọ̀ bóyá kí ẹ dúpẹ́ tàbí kí ẹ sunkún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Tí ẹ bá sì rí obìnrin oníwàrà kan tó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ olọ́nà so orí, ẹ dákun, ẹ pè mí.

Ní ti iṣẹ́ náà, àárọ̀ àná ni Bàbá Rọ́fíà mọ bí wọ́n ṣe hun ẹja náà, orí àti ìrù rẹ̀, tó sì hun ún mọ́ àwọn tó ti hun ṣáájú sára aṣọ gbọọrọ tuntun kan ṣoṣo. Nínú ọnà mẹ́rìnlélógún, méjì ṣì wà lórí oníwàrà, méjì kò tíì yé wa. Ogún ti padà.