Ọwọ́ Mẹ́rin Lórí Dúróònù Kan

Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi jù mí lọ, iṣẹ́ wa sì sọ ọ́ di dandan kí n máa pàṣẹ fún un. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òun ló ń wa dúróònù, ẹ̀rọ tó ń fò láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, èmi ni mo ń ya àwòrán. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí bí dúróònù bá kéré. Ṣùgbọ́n èyí tí ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Kútọnu kó fún wa tóbi, ó tó agbada tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Kámẹ́rà tó so mọ́ ikùn rẹ̀ lè yí ojú síbikíbi, láìka ibi tí dúróònù fúnra rẹ̀ dorí kọ. Nítorí náà, kòmáǹdì méjì la fi ń darí rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ń gbé e lọ gbé e bọ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń yí kámẹ́rà. Ojú tirẹ̀ wà lójú ọ̀run, ojú tèmi wà lórí gíláàsì kékeré tó ń fi àwòrán hàn mí. Ohun tó ń rí, n kò rí i. Ohun tí mò ń rí, òun náà kò rí i. Ẹnu nìkan ló so wá pọ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, abẹ́ òkè gan-an ni wọ́n bí i sí. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe kó tó lọ kọ́ dúróònù ní Kútọnu. Èmi, ọmọ Pobè ni mí, nísàlẹ̀ ní gúúsù. Ìjọba ló gbé ọkọ mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo sì tẹ̀lé e, tèmi ti kámẹ́rà tí mo fi ń ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Mẹ́tìrì ni wọ́n ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà "Ìyàwó Mẹ́tìrì" ni ọkùnrin náà ń pè mí, lójú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Mo máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n kì í dùn mọ́ mi nínú. Ìyàwó Mẹ́tìrì kọ́ ló di kòmáǹdì mú. Èmi náà ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, n kò sì jẹ́ fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Fíìmù tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán wa níṣẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú kan. Ọ̀gá tó ń darí fíìmù náà kò kúrò ní Kútọnu, ó kàn kọ ohun tó fẹ́ sínú ìwé ni. Èyí tó kọ ṣáájú ni pé kí dúróònù ti ẹ̀yìn àpáta ńlá tó wà lókè ìlú gòkè bọ̀, kí àpáta kún ojú àwòrán, kí a rọra kọjá lórí rẹ̀, kí ìlú wá ṣí sílẹ̀ títí dé oko. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn bí ẹní mu omi.

A dé ìdí òkè kí oòrùn tó mú. Ọyẹ́ kò tíì lọ tán, eruku rẹ̀ bo ìlú bí ẹni fi aṣọ funfun bo abọ́ oúnjẹ. Ọkùnrin náà gbé dúróònù sókè, ó darí rẹ̀ wọ ẹ̀yìn àpáta lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e gòkè. Mo tẹjú mọ́ gíláàsì. Àpáta ń sọ̀ kalẹ̀ lójú mi, dúdú, pẹ̀lú àwọn ibi funfun tí omi òjò ti fà lára rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí a dé téńté.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rọra díẹ̀ bí ẹ bá ti dé orí…"

N kò tíì sọ ọ́ tán tí téńté ti kọjá. Ìlú ti já wọ ojú àwòrán bí ẹni tí wọ́n tì láti ẹ̀yìn.

"O ní kí n ṣe kí ni?"

"Mo ní kí ẹ rọra ni."

"A ti kọjá ibẹ̀."

"Mo rí i pé a ti kọjá ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

A tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, àpáta bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí òsì díẹ̀."

"Òsì ta ni?"

Ìbéèrè náà tọ́, ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Dúróònù kọjú sí wa, òsì tirẹ̀ ni ọ̀tún wa. Mo sì ti yí kámẹ́rà sí ìhà mìíràn, òsì inú àwòrán kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ó fọgbọ́n orí ara rẹ̀ yà, ó yà síbi tí kò yẹ.

Bátìrì mẹ́rin la gbé lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sì í tó ogún ìṣẹ́jú bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tán, a kò sì rí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó ṣe é wò. Ọkùnrin náà ń tú abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé dúróònù fò, ó ń tò wọ́n sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wò mí.

"Ìyàwó Mẹ́tìrì," ló wí, "ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀ jù."

Mo gbé e mì. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló pọ̀, àbí ọ̀wọ̀ tí mò ń fún un? Bí mo bá yọ "Ẹ̀gbọ́n" kúrò, tí mo yọ "ẹ jọ̀wọ́" kúrò, tí mo yọ "ẹ bá mi" kúrò, kí ló kù? "Rọra" ló kù. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi sọ "rọra" fún ẹni tó ti ń jó nínú ayé kí wọ́n tó bí mi? Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí pé báwo ni iṣẹ́. Mo ní eruku pọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a gba ọ̀nà Kábúà lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti ń dúró dè wá nínú oko kajú kan, wọ́n tó ogún, abọ́ ńlá tó kún fún kajú wà lórí kálukú wọn. Ohun tí ìwé ọ̀gá wa wí ni pé kí wọ́n tò jáde lábẹ́ igi sí gbangba, kí dúróònù wà lókè wọn gan-an, kó máa bá wọn rìn. Ìyá kan tó jẹ́ olórí wọn, arúgbó tínínrín tí ohùn rẹ̀ le, ló ń tò wọ́n.

Ìgbà àkọ́kọ́, dúróònù yá ju àwọn obìnrin lọ. Ìgbà kejì, àwọn ni wọ́n yára jù ú lọ, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó parí. Ìyá náà sọ abọ́ orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹran ni wá ni, tí ẹ ń dà wá lọ, tí ẹ ń dà wá bọ̀?"

A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n padà sábẹ́ igi lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà. Mo rí wọn láti òkè lórí gíláàsì mi, ogún abọ́, róbótó-róbótó, pupa àti òféèfèé kajú nínú wọn, òjìji wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n ń jáde kúrò nínú òkùnkùn ewé sínú oòrùn. Mo ń kà á nínú ọkàn mi pé ó ku obìnrin márùn-ún, ó ku mẹ́rin.

Ni àwòrán bá ṣí kúrò. Gíláàsì mi fò sókè, ojú ọ̀run funfun nìkan ni mo rí, lẹ́yìn náà igi, lẹ́yìn náà ojú ọ̀run. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, èmi fúnra mi ni mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

"Kí lò ń ṣe? Ṣé ojú rẹ ti fọ́ ni?"

Àwọn obìnrin dúró sójú kan pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọkùnrin náà mú dúróònù sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bà sílẹ̀, ó pa á. Ó gbé e wá síwájú mi, ó fi ìka kan abẹ̀bẹ̀ kan. Etí abẹ̀bẹ̀ náà ti gé, ìyẹ́ pupa ráńpẹ́ kan há sí ìdí rẹ̀.

"Àwòdì," ni ìyá olórí wọn wí láti ẹ̀yìn mi. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló já lù ú. Gbogbo wa la rí i. Ìwọ nìkan ni kò rí i."

Ọkùnrin náà lọ jókòó sábẹ́ igi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Bí kì í bá ṣe pé ó tètè yà á kúrò, dúróònù ìbá já lé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lórí. Mo tẹ̀lé e, mo kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, gbogbo wọn sì ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. N kò rí ẹyẹ náà."

"Dìde. Aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

N kò dìde. Mo ní, "Ẹ kò sọ fún mi pé ẹyẹ ń bọ̀." Ẹ̀bẹ̀ náà ti ń di ẹjọ́ lẹ́nu mi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń gbé e láti àná. "Bí ẹ bá ti pariwo 'ẹyẹ' péré, ǹ bá ti mọ̀. Ẹ kì í sọ ohun tí ẹ ń rí. Tí èmi bá sì sọ tèmi, ẹ ní ọ̀rọ̀ mi pọ̀."

"Ó pọ̀ lóòótọ́. Bí ẹ̀rọ bá wà lókè, n kì í gbọ́ ìkíni. Kó o tó kí mi tán, ẹ̀rọ ti lọ."

"Ṣé kí n wá máa pàṣẹ fún yín ni?"

Ó yí ojú padà sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ta ló ní kó o pàṣẹ fún mi? Ẹ̀rọ ni kó o máa bá wí. Ẹ̀rọ kò ju ọdún méjì lọ."

Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀, ó lọ bẹ ìyá náà, ìyá náà sì tún bá wa wí díẹ̀ sí i kó tó gbà. A ya àwọn obìnrin náà lẹ́ẹ̀kẹrin. Wọ́n rìn dáadáa, ṣùgbọ́n oòrùn ti yí, igi ti da òjìji bo ọ̀nà, ojú kálukú wọn sì ti le. Èyí tó wà nínú fíìmù nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òjò kan ṣèèṣì rọ̀, ó fọ eruku kúrò lójú sánmà, a sì tún padà sí ìdí òkè láàárọ̀. A ti fẹnu kò: iwájú wa ni "òkè", ẹ̀yìn wa ni "ìlú", ẹ̀gbẹ́ kan ni "rélùwéè", ẹ̀gbẹ́ kejì ni "ọjà". Kò sí òsì, kò sí ọ̀tún. Bí ó bá rí ohunkóhun, kó sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ ohunkóhun, kí n sọ ọ́ fún ẹ̀rọ.

"Gòkè," mo ní. "Ọjà. Ọjà díẹ̀. Dúró!"

Àwọn ará ilé ọkùnrin náà kan ń bọ̀ láti oko, wọ́n dúró wò wá. Àǹtí ìyá rẹ̀ kan wà nínú wọn. Nígbà tí mo sọ pé "Padà! Mo ní kó o padà!", màmá náà ju igi ìdáná rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ọmọ rẹ nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Màmá, ẹ̀rọ ni mò ń bá wí."

"Ẹ̀rọ ní etí?"

Mo retí pé kí ọkùnrin náà gbà mí sílẹ̀. Ó ní gbólóhùn kan péré láti sọ. Kò sọ ọ́. Ojú rẹ̀ wà lókè, ẹ̀rín sì wà ní ìkángun ẹnu rẹ̀, mo rí i. Màmá náà wí tẹnu rẹ̀ tán, ó ní àwọn ará ìsàlẹ̀ tí ìjọba ń kó wá kò ní ẹ̀kọ́, ó gbé igi rẹ̀, ó lọ. Bátìrì kan ló kù.

A gbé e gòkè. N kò ní ọ̀wọ̀ kankan lọ́kàn mọ́, n kò sì ní ìbẹ̀rù. "Rọra. Rọra. Rélùwéè. Tó." Òun náà ń sọ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀: "Afẹ́fẹ́ ń bọ̀. Ó ti kọjá. Mo ti fẹ́ẹ̀ dé téńté." Àpáta kún gíláàsì mi, ó ń sọ̀, ó ń sọ̀, a sì kọjá lórí rẹ̀ bí ọwọ́ ìyá ṣe ń kọjá lórí ọmọ tó ti sùn. Ìlú ṣí sílẹ̀: páànù, igi máńgòrò, ojú irin, ọ̀nà pupa, oko kajú títí dé ibi tí ojú kò lè rí mọ́. Ó tó ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin náà mú un bà sílẹ̀.

"Ó wà nínú kámẹ́rà?" ló bi mí.

"Ó wà níbẹ̀."

Wọ́n fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, wọ́n ta aṣọ bo ojú fèrèsé. Àwa méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ Faransé nínú rẹ̀ nípa kajú. Àpáta yọ, ìlú yọ, ojú ọkùnrin mìíràn ti gba ipò wọn. Kí ẹni tó sín tó nu imú, ó ti tán.

"Ṣé ìyẹn náà nìyẹn?" ló bi mí létí.

"Òun ni."

Mo pe ọ̀gá wa ní Kútọnu lórí fóònù. Ó ní àwòrán náà dára gan-an, àmọ́ ó falẹ̀ jù, àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù mọ́. Mo ní kó bá mi fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, bí a ṣe yà á, nítorí pé wọ́n ti gba káàdì kámẹ́rà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, a kò sì ní òmíràn nípamọ́. Ó ní òun á wò ó. Mo kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà kọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo bá a tún Faransé rẹ̀ ṣe.

A ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ àná tí a ń lọ ṣiṣẹ́ ní Òfè, bó ṣe ń so àpótí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó bi mí bóyá wọ́n ti dáhùn láti Kútọnu. Mo ní wọn ò tíì dáhùn.